Má Fi Orúkọ Igi Kan Pe Igi Mìíràn

Nínú odù Ìká Òfún, Ifá sọ nípa àwọn àgbà tó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ tọrọ ẹ̀mí gígùn. A sọ fún wọn pé wọn yóò gbó, wọn yóò tọ́, bí wọ́n bá pa ìkìlọ̀ mẹ́rìndínlógún mọ́. Lára wọn ni pé kí wọ́n má ṣe já ewé igi kan, kí wọ́n wá fi orúkọ igi mìíràn pè é. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Bàbá ní òun kọ́, ìkìlọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lójú ni.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ìtàn yìí ti wá yé mi. Mo ra páàdì bíréèkì kan lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó tà á ní ojúlówó ni, páálí rẹ̀ sì ń dán. Kò pé oṣù méjì, mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ. Òórùn ohun tó ń jó gbalẹ̀ kan. Díẹ̀ ló kù kí n kọ lu kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà níwájú mi.

Mẹkáníìkì mi tú táyà, ó yọ páàdì náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Dádì, ẹ fi èékánná họ ọ́." Mo họ ọ́, ó ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Páàdì ló ń di irin tó ń bá táyà yí mú, ibẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an. Èyí tí wọn kò ṣe dáadáa kò lè gba ooru yẹn. Bó bá ti gbóná jù, kò ní lè di nǹkan kan mú mọ́.

Ṣùgbọ́n Ifá kò ní kí a máa ra kìkì èyí tó wà nínú páálí ẹni tó ṣe ọkọ̀. Ewé náà kò ṣẹ̀. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Denso ti Jàpáánì ń ṣe páàtì fún Toyota, ó sì ń ta òmíràn lórúkọ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn tòkunbọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, lè wúlò fún ọdún gbọọrọ. Ayédèrú nìkan ló ń wọ aṣọ aláṣọ.

Babaláwo kì í méfò. Yóò fi ìbò lé oníbèéèrè lọ́wọ́, yóò sì bi Ifá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwa náà ṣe ní ọjà páàtì ọkọ̀, ní Ládípò l'Ékòó àti ní Gate n'Ìbàdàn: Ta ló ṣe é? Bó bá kọṣẹ́, ṣé ẹ ó gbà á padà? Ṣé ẹ̀mí ló rọ̀ mọ́ ọn, àbí ẹwà lásán? Nǹkan bíréèkì àti sítíárìn, ẹ̀mí ni; ẹ má ṣọ́wó ná níbẹ̀. Máàtì àti ìdérí táyà, ẹ ra èyí tí agbára yín ká.

Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ ra páàdì mìíràn ní Gate. Ọmọkùnrin kan gbé méjì síwájú mi. Ó na ìka sí èyí tó wọ́n díẹ̀: "Dádì, ojúlówó nìyí. Ìkejì kì í ṣe ojúlówó o, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, mo sì mọ̀ ọ́n." Ìkejì ni mo rà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti ń rajà báyìí. Ó pa ìkìlọ̀ mọ́.