Ta Ni Wọn Ò Pè sí Ìpàdé Ogun? Ẹ̀kọ́ Ọ̀ṣẹ́ Túrá

Ní Ládìpọ̀, nínú ọjà páàtì ọkọ̀ ní Múṣíìn, ọ̀rọ̀ ogun òkè Ọya kì í tán lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Àwọn kan ní olóṣèlú ló ń fi ogun náà jẹun. Àwọn mìíràn ní ọ̀gá ológun ni kò fẹ́ kó parí. Bí ológun àti olóṣèlú bá ń ta ko ara wọn lórí ogun tí kò tíì tán, ẹ̀yìn ta ni kí ará ìlú wà? Odù Ifá tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́ Túrá ní ìdáhùn fún wa.

Ifá ní nígbà tí Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá sílé ayé, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pa, wọ́n ń ṣèpàdé, wọn ò ka Ọ̀ṣun kún. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Oògùn kò jẹ́. Ẹbọ kò fín, kò dà. Wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó sì bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun gbẹ̀bẹ̀, ó bí Ọ̀ṣẹ́túrá, ọmọkùnrin tó ń bá wọn gbé ẹbọ dé ọ̀run, ayé sì gún.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Àwọn irúnmọlẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ògún wà lára wọn pẹ̀lú idà rẹ̀, Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n rẹ̀. Síbẹ̀ idà àti ọgbọ́n ò gbà wọ́n. Olódùmarè kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn, ẹni tí wọn ò pè ló béèrè.

Ìbàdàn fojú rí irú rẹ̀. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ló ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olórí ogun. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fẹ̀sùn kàn án pé kò bá òun lọ sógun, kò sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó. Ó yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ẹfúnṣetán ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tí ogun ń ná ìlú ti kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ní 1877, Ààrẹ kó Ìbàdàn wọ ogun tí ọ̀pọ̀ ìjòyè ò fẹ́. Ogun yẹn ló bí ogun Kírìjì, tí kò tú ká títí di 1893. Látòósà fúnra rẹ̀ kú sí ibùdó ní 1885.

Ẹ wá wo tiwa. Láti 2009 la ti ń bá Boko Haram jà. Ní Oṣù Keje 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní kí àwọn ọ̀gá ológun fipò sílẹ̀. Ilé ìjọba fèsì pé Ààrẹ Buhari nìkan ló láṣẹ láti yọ wọ́n. Ní Oṣù Kọkànlá, Boko Haram pa àwọn àgbẹ̀ nínú oko ìrẹsì ní Zabarmari, àwọn aṣòfin tún fi igbe ta. Oṣù Kìíní 2021 ni Buhari tó pààrọ̀ wọn. Orúkọ yí padà, ogun ò dúró.

Nínú gbogbo awuyewuye yẹn, ta ni wọn ò pè? Ìyàwó àgbẹ̀ Zabarmari ni, opó sójà ni, ìyá tó ń tọ́mọ nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni. Wọn ò pe sójà kékeré náà. Ní Oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún sójà 54 nítorí pé wọ́n kọ̀ láti lọ sójú ìjà. Ohun táwọn yẹn ń wí ni pé ohun ìjà ò tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìdájọ́ ikú náà di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀bẹ̀ ni ẹbọ Ọ̀ṣẹ́ Túrá: kí alágbára padà lọ bá ẹni tó ti fojú tín-ín-rín. Bí aṣòfin bá pe ọ̀gá ológun wá jíhìn, kí wọ́n fún opó sójà àti ará àgọ́ ní àga nínú ìjókòó kan náà. Kí sójà lè wí pé ìbọn ò tó láì fẹ̀wọ̀n ṣèfà jẹ. Kí wọ́n ṣírò owó ohun ìjà lójú gbogbo ayé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì báà pààrọ̀ ọ̀gá ológun lẹ́ẹ̀mẹwàá, ká sì dìbò yan olóṣèlú tuntun lọ́dọọdún, ẹbọ ogun yìí kò ní í dà.