Ọ̀dà Tí Ó Ṣẹ́kù Nínú Agolo

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí Ó ń sọ omi mímọ́ kalẹ̀ láti sánmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, kí Iléyá tó dé ni a máa ń kun ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àlejò ń bọ̀, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń múra Ojúde Ọba, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ògiri òun dọ̀tí. Ìyẹn kò burú. Ìdajì agolo ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù ńkọ́, pẹ̀lú fáníìṣì ilẹ̀kùn àti tínà tí a fi fọ búrọ́ọ̀ṣì? Ibo ni a dà wọ́n sí?

Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí a kun mọ́sálásí yìí, ẹ̀yìn ibi àlùwàlá ni wọ́n ti ṣan búrọ́ọ̀ṣì, a sì ń wò wọ́n. Òjò rọ̀, omi kànga wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ra omi ṣe àlùwàlá. Ìyá tí kànga tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ wa, ẹ̀kọ ni ó ń fi omi rẹ̀ sè tà. A lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú mádíhábì Ìmáàmù Málíkì tí a ń tọ̀, bí ohun àjèjì bá yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn omi padà, omi náà kò tọ́ fún àlùwàlá mọ́, bí ohun náà tilẹ̀ mọ́. (Ẹ̀yin akunlé, ọ̀dà elépo tí ó gbẹ mọ́ èékánná kì í jẹ́ kí omi kan ara, ẹ kọ́kọ́ ha á kúrò.)

Òjé wà nínú ọ̀dà elépo mìíràn, pàápàá ti àtijọ́, a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òjé láti inú òkúta wúrà ni ó pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní Zamfara ní ọdún 2010. Ti inú ọ̀dà kò pọ̀ tó ìyẹn, ṣùgbọ́n irú kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a ra ìwọ̀n tí ògiri wa gbà. Kí a dé ìyókù pinpin, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Tínà tí a ti lò, bí ó bá dúró nínú ìgò, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sílẹ̀, a ó sì tún òkè rẹ̀ lò. Ọ̀dà tí ó bá ti bàjẹ́, kí a po iyanrìn mọ́ ọn títí yóò fi le, kí a tó kó o fún akólẹ̀. Kí a má sun ún, kí a má sì fi agolo rẹ̀ fa omi.

Ògiri ilé-kéú wa kò tíì rí ọ̀dà. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó ṣì dára, kí ó fi ṣe sàárà, kí ó gbé e fún ládàánì lẹ́yìn ìrun Àsárì ọ̀la. Funfun ni a nílò jù.