Ta Ni Ó Ni Ohun tí Ẹyẹ Jẹ Lóko?

Nínú hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad tí a gbà sílẹ̀, ọ̀kan wà nínú àkójọ hádíìsì ti Bukhari àti ti Muslim, tí Anas ọmọ Malik gbà wá, tí ó sọ pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi tàbí irúgbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko sì jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni yóò jẹ́ fún un. Sàráà ni ọrẹ tí ènìyàn ṣe nítorí Ọlọ́run, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sì gbà pé àníyàn, èrò tí ó wà lọ́kàn ẹni, ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́. Báwo wá ni ohun tí a kó lọ láìgbàṣẹ ṣe di ọrẹ?

Ẹni tí ó ń gbin kọlifíláwà sí ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ bí ìbéèrè yìí ti le tó. Ìbátan kábéèjì ni kọlifíláwà. Orí rẹ̀ funfun tí a ń jẹ jẹ́ ìtànná tí kò tíì là, ewé rẹ̀ ni olùgbìn sì máa ń ká bò ó kí oòrùn má baà sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ewé yìí gan-an ni àdàbà igbó máa ń ṣá jẹ nígbà òtútù títí yóò fi ku ọ̀pá rẹ̀ nìkan, tí ehoro a sì máa gé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù jẹ. Inú a máa bí olóko nígbà náà. Ọrẹ kọ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé ibi gbíngbìn ni àníyàn náà wà, nítorí pé ẹni tí ó fi irúgbìn sínú ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀dá mìíràn ń jẹ lórí rẹ̀ ti mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni yóò jẹ níbẹ̀. Àwọ̀n tí ó ta bo oko kò sì ba èyí jẹ́, torí hádíìsì náà kò ní kí ẹnikẹ́ni pe ẹyẹ wá jẹun.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹranko bá ní ẹni tí ó ni ín. Nínú Àlùkùránì, Súrà Al-Anbiya, ẹsẹ 78 àti 79, sọ nípa àgùntàn tí ó jẹ oko olóko lóru. Àwọn alálàyé rẹ̀ ní Ànábì Dáúdà dájọ́ pé kí a kó àgùntàn náà fún olóko, ṣùgbọ́n Sulaimọ́nù ọmọ rẹ̀ ní kí olóko máa jàǹfààní wàrà àti irun wọn, kí ẹni tí ó ni wọ́n máa ro oko náà títí yóò fi rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, kí oníkálukú tó gba tirẹ̀ padà. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ sàráà pa olóko yìí lẹ́nu mọ́, ẹni tí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún olóko tí màlúù ẹlòmíràn jẹ oko rẹ̀ ń fi ẹ̀sìn bo gbèsè mọ́lẹ̀ ni.

Ìyókù tí ẹyẹ fi sílẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Súrà Al-An'am, ẹsẹ 141, ní kí a jẹ nínú èso, kí a yọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè, kí a má sì ṣe àpà. Nítorí náà, kí olóko kọlifíláwà gé ibi tí ẹyẹ fẹnu kàn kúrò, kí ó fọ orí tí ó ṣẹ́kù pẹ̀lú ọ̀pá ewé rẹ̀, kí ó sì sè wọ́n fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, nítorí pé bí kọlifíláwà bá pẹ́ lórí iná, imí ọjọ́ inú rẹ̀ a máa mú kí ó rùn.