Ẹsẹ̀ Ta Ni A Fi Wọn Ọ̀nà?

Bí èèyàn mẹ́jọ bá jọ fẹ́ lọ gun òkè, tí agbára wọn ò sì dọ́gba, ẹsẹ̀ ta ló yẹ ká fi wọn ọ̀nà? Ẹni tó yára jù ni àbí ẹni tó lọ́ra jù? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ó kan ohun tí a jẹ ara wa ní gbèsè látìgbà tí a bá ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Sẹ̀mẹ̀ ni àwa ń gbé, ní ẹnu ibodè, níbi tí Nàìjíríà parí sí tí Benin bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ: yanrìn, igi àgbọn, òkun. Àtẹ̀gùn ilé alájà ni ohun tó ga jù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń ṣe sì ń fi wá sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí omi tó ń já láti orí àpáta fi máa ń wù wá tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò, Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ jáde.

Ìpele méje ni Olúmirin ní. Omi náà ń já láti orí òkè, ó ń gba àárín igbó wálẹ̀ láti ìpele dé ìpele. Ìpele àkọ́kọ́ kò ni èèyàn lára púpọ̀. Láti ibẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà: ọ̀nà á máa ga sí i, àpáta á máa yọ̀, èèyàn á máa wá ohun tó máa dì mú kó tó gbé ẹsẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á pọ̀, á rẹwà, ọ̀nà á sì tún yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Irú ìrìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń pè ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: kò le jù, kò rọrùn jù. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ta?

Ní ọdún 1892, ọmọ Scotland kan tó máa ń gun òkè, William Naismith, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn èèyàn ṣì ń lò: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, ká tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn sókè. Ìlànà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, wọn ò sì ka ìsinmi mọ́ ọn. Kò sí ìyá ọmọ nínú ìṣirò yẹn, kò sí ẹni tó ní ikọ́ fée. Ìṣirò lè péye kó má sì kan ẹ.

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ọ̀rọ̀ yìí láti apá ibòmíì. Tí ètò kan bá pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́jọ, tó sì gbọ́dọ̀ dúró kí gbogbo wọn parí kó tó mú èsì wá, àkókò tó máa gbà kì í ṣe ti èyí tó yára jù. Ti èyí tó lọ́ra jù ni. Bí a ò bá fẹ́ dúró, a lè fagi lé èyí tó ń fà wá sẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa sunkún. Nínú igbó, ẹni tí a bá fagi lé ní orúkọ, ó sì ní ìyá nílé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó lọ́ra kì í sábà sọ̀rọ̀. Nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Ìpele méjèèje la máa gùn o!" Àtàǹpàkò méje á gòkè. Ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú náà á tẹ tiẹ̀, torí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń ba ìgbádùn jẹ́. A máa ń ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí àdéhùn, kì í sì í ṣe àdéhùn. Ẹni tó ń ṣètò ló yẹ kó lọ bá kálukú ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, orúnkún yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ máa lè gùn ún?" Kì í ṣe torí ká lè yọ wọ́n kúrò o. Ká lè mọ irú ìrìn tó yẹ ká rìn ni.

Ẹnì kan lè sọ pé a ń fi ìyà jẹ àwọn tó lágbára. Wọ́n san owó ọkọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Wọ́n jí ní ìdájí, wọ́n fara da ibi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, wọ́n la Èkó, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá. Kí ló dé tí wọn ò fi ní rí ìpele keje torí orúnkún ẹlòmíì? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó lọ́ra náà ò sì fẹ́ di ẹrù. Ó máa ń ti èèyàn lójú kí èèyàn méje dúró máa wo bó ṣe ń mí. Nígbà míì, òótọ́ ló wà nínú "Ẹ máa lọ, mo ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ ilé la ti sọ ọ́, ká tó gbéra, ìpinnu ni: àwọn mẹ́ta máa dúró ní ìpele kejì, àwọn márùn-ún máa tẹ̀síwájú, aago méjì ni gbogbo wa máa pàdé. Kò sí ẹni tó dá wà. Tó bá jẹ́ orí àpáta la ti sọ ọ́, nígbà tí èémí ti ń wọ́n, tí àwọn tó kù ti kọjú sókè, ẹni tó sọ ọ́ ò yan nǹkan kan. Ojú ló ń tì í. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ tó sì lọ, ohun tó wù ú ló gbà gbọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ràn òwe yìí, a sì máa ń fi gún ara wa ní kẹ́ṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: àáké ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ni òwe náà ń sọ. Kò ní ká fi àáké ẹlòmíì la àpáta. Tí èèyàn bá fi ara tiẹ̀ wewu, a lè pè é ní ìgboyà. Tó bá fi ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ wewu torí fọ́tò, orúkọ míì ló ń jẹ́.

Àwọn àgbà kan náà ló ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje nílẹ̀ wa, inú igbó sì ń yára ṣú ju ojú títì lọ. Nítorí náà, aago tí a máa padà ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú ètò, ká tó sọ̀rọ̀ ìpele rárá. Tó bá ti lù, ká yí padà, ì báà jẹ́ ìpele kẹta la wà. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló sì yẹ kó ní àṣẹ láti sọ pé "ó tó," láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi í pé kí ló dé.

Àwa tí à ń gbé ní etí òkun yìí ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo àṣẹ láti padà. Ní Gberefu, lọ́wọ́ Àgbádárìgì, ọ̀nà oníyanrìn kan wà tí wọ́n fi mú àwọn ẹrú lọ sétí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àìpadàbọ̀ títí dòní. A ò fi ìgbafẹ́ wé oko ẹrú. Ọ̀nà yẹn kàn ń rán wa létí pé ìrìn kì í ṣe tẹni bí èèyàn ò bá lè yí padà nínú ẹ̀.

Ìtàn ìlú sọ pé àwọn tó ń ṣí kúrò ní Ifẹ̀ ló kọ́kọ́ rí Olúmirin, pé obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà ló rí i. Ẹni tó ń kó ilé kiri kì í fi ọmọdé àti arúgbó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìrìn arúgbó ni gbogbo wọn á rìn. Wọ́n sì dé ibi omi náà.

Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni ká fi wọn ọ̀nà, ká sì wọ̀n ọ́n nílé. Ìpele keje ò ní kúrò níbẹ̀. Bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn: "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ" la sọ.