Dátà Tó Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́
Bí mo bá ra iṣu lọ́jà Ìlá, tí n kò jẹ ẹ́ tán lóṣù kan, ṣé ìyá oníṣu lè wá gba ìyókù? Rárá o! Dátà ńkọ́? Ọgbọ̀n ọjọ́ pé, bí n kò bá tún òmíràn rà, ìyókù di àwátì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ la rà. Ó dáa náà. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí ńkọ́, ta ni yóò dá a padà?

Nígbà tí GSM dé ní 2001, ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ń san owó odidi ìṣẹ́jú kan. Ní 2003, Glo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Òṣùwọ̀n ṣeé tún ṣe, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èyí tí wọ́n fi ń wọn tiwa, kí wọ́n fi wọn tiwọn.