Ẹnu Tí A Fi Ń Ké Pe Baba

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ tí ohùn àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Cele sì ń dún lọ́nà jíjìn, Alàgbà, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, yà kí Ìyá Ìbejì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okota, ó sì bá a tí ó fọwọ́ lẹ́rán.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ káalẹ́, Alàgbà. Ẹ jókòó, sà. Lówùúrọ̀ yìí, ẹ wàásù pé Ọlọ́run kò gbà wá sílé bí àlejò, pé ó sọ wá dọmọ ni. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí mo ti délé tí mo ń bu oúnjẹ, mo wo abọ́ mẹ́ta tó wà níwájú mi, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́.

ALÀGBÀ: Kí ni àwọn abọ́ náà sọ fún yín?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Méjì jẹ́ tánganran olódòdó tí mo rà fún Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ̀kẹta jẹ́ abọ́ irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó létí, tí í máa gbé abẹ́ tábìlì: ti ọmọ olóògbé àbúrò mi ni, tó ti wà lọ́dọ̀ mi láti ọmọ ọdún méjì. Àwọn ìbejì ń pè mí ní Màmá. Òun ń pè mí ní Àǹtí.

ALÀGBÀ: Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Èmi ni, mo sì rò pé òtítọ́ ni mo ń kọ́ ọ. Baba rẹ̀ ti sá lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní orírun, a kì í sì í fi oríkì ìdílé kan ki ọmọ ìdílé mìíràn. Bí mo bá ní kí ó máa pè mí ní Màmá, ṣé n kò ní pa orúkọ àbúrò mi rẹ́?

ALÀGBÀ: Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àgbésọnù. Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, tí a mú un lẹ́rú, tí a tà á, tí a tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òwúrọ̀ ọjọ́ ogun náà ni ó rí baba rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ti Àjàyí jìn débi pé nígbà tí a rì í bọmi ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ló jẹ́. Síbẹ̀ orúkọ tuntun kò pa Àjàyí rẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, tí Àfàlà, ìyá rẹ̀, bá a ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25, ọmọ rẹ̀ náà ni ó rí.

Ó kù sí i. Ìwé Róòmù wà lára ohun tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá tí a tẹ̀ jáde, ní 1850. Ní orí kẹjọ rẹ̀, Pọ́ọ̀lù gbé ẹ̀mí ẹrú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ìsọdọmọ, ẹni tí okùn ẹrú ti kan ọrùn rẹ̀ rí ni ó sì ní láti wá ọ̀rọ̀ tí àwa yóò fi gbọ́ ọ. N kò lè ka orí náà kí omi má lé ròrò sí mi lójú.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ṣùgbọ́n Ọlọ́run, Atẹ́rẹrẹ-káyé, kò ní mọ̀lẹ́bí ọkọ. Lọ́jọ́ ogún, wọn yóò bi mí pé ìdí igi wo ni ọmọ yìí wà.

ALÀGBÀ: Àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí mọ ọ̀rọ̀ ogún dáadáa: Nero tó wà lórí ìtẹ́ Róòmù nígbà náà, ọmọ tí Késárì Claudius sọ dọmọ ni, ìtẹ́ sì ni ó jogún. Níbí náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 fi ọ̀nà sílẹ̀: ọmọ tí ènìyàn bá gbà nílé ẹjọ́, bí ẹni tó bí i ló rí. Òfin náà ló kọ̀ kí a máa rán ọmọdé kiri ọjà. Níbo ni ọmọ náà wà báyìí?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó gbé omi lọ tà ní Cele.

ALÀGBÀ: Ìyá Ìbejì, ẹrú ń jẹun nítorí pé ó ṣiṣẹ́, ọmọ ń jẹun nítorí pé ebi ń pa á. Baba tó bí i ti sá. Bí a bá wí fún un pé Ọlọ́run ni Baba aláìníbaba, kí ni yóò fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe ọwọ́ yín? Bí ó bá lá àlá burúkú lóru, ta ni ó ń ké pè?

ÌYÁ ÌBEJÌ *(ó dákẹ́ díẹ̀)*: Àwọn ìbejì a ké “Màmá!”, wọn a sì sáré wọ yàrá mi. Òun kì í ké. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ni n ó bá a tó ti jí, tó jókòó ti ilẹ̀kùn.

ALÀGBÀ: Ohun tí ìsọdọmọ fún wa nìyẹn: ẹnu láti fi ké. Kí a tó ṣe iṣẹ́ kankan, kí ìwà wa tó dára rárá, Ọlọ́run ti ní kí a máa pe òun ní Baba.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ náà dé, tó gbé bàsíà lérí, tó sì kúnlẹ̀ kí Alàgbà. “Àǹtí, mo ti dé. Ó ku mẹ́rin.”

Ìyá Ìbejì dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ bàsíà kalẹ̀ fún un. “Ṣé ebi ń pa ọ́?”

Ọmọ náà kò dáhùn. Owó ni ó ń tú kúrò létí ìró rẹ̀ láti kà.

“Fi owó sílẹ̀,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Ebi ni mo bi ọ́.”