Ẹsẹ̀ Ọdẹ, Ọ̀nà Ògún

Ṣé ọdẹ ṣì ni ẹni tí kò lè lé ẹran mọ́? Àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó sílé, kí n sinmi. Mo kọ̀. Ògún tí mò ń bọ kì í jókòó sójú kan.

Kí oòrùn tó mú, mo ti gba ọ̀nà oko dé ẹ̀bá odò. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ipasẹ̀ ìgalà nínú ẹrẹ̀: bí etí rẹ̀ bá ṣì mú, tí omi kò tíì sun sínú rẹ̀, ẹran náà kò tíì jìnnà. Bí orúnkún bá ń dùn mí, màá fọwọ́ ti igi, màá mí kanlẹ̀, màá tún máa lọ.

Ọbàtálá ló mọ ẹsẹ̀ mi. Ògún ló la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà yòókù nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wáyé. Lójú tèmi, ẹni tó ń rin ọ̀nà ń bọ Ògún, bí kò tilẹ̀ pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Ó dùn mí pé àwọn ọdẹ òde òní ń gun ọ̀kadà wọgbó. Wọn ò mọ ewé, wọn ò gbóhùn ẹyẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, tí àwọn ọdẹ bá ń ṣe ìsípà mi, tí wọ́n ń fi ìrèmọ̀jé dárò mi, kí wọ́n má ka ẹran tí mo pa nìkan. Kí wọ́n dárúkọ àwọn ọ̀nà tí mo rìn.